Irùngbọ̀n Obì Nínú Àyà Ìyá Ṣàfú

Imú ni Ìyá Ṣàfú fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé obì wọn ní Sábó, nílùú Ṣàgámù, ìdí obìnrin kan tó gá sókè ni ojú mi kọ́kọ́ rí. Orí àti èjìká wà nínú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, ó ń fa èémí wọlé bí ẹni òǹgbẹ ń gbẹ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù mi ṣì wà lórí. Mo rò pé nǹkan wọn ló jábọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, mà."

Ohùn dá mi lóhùn láti inú apẹ̀rẹ̀: "Dákẹ́ ná, mo ń gbọ́ ọ."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yọrí jáde. Ewé lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì wà ní góńgó imú wọn. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni ìyàwó ilé Makun tí wọ́n ní ó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ni wọ́n ń kì ọ́?"

"Àṣàkẹ́, mà."

"Àṣàkẹ́, inú ń run apẹ̀rẹ̀ yìí nísàlẹ̀. Sọ ẹrù rẹ, kí o bá mi dà á."

A dà á sórí ẹní. Obì tó wà lókè dán, èyí tó wà láàárín dán. Nísàlẹ̀ pátápátá ni a ti bá mẹ́ta péré tó ti ń rà, tí funfun ti ń gùn lára wọn. Mẹ́ta, nínú apẹ̀rẹ̀ tí ọkùnrin méjì kò lè gbé! Wọ́n ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, wọ́n nu imú wọn, wọ́n ní kí n wá wọlé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, lásìkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà wa láti òkè Ọya wá ń pọ̀ sí i ní Sábó.

Rẹ́mọ ni mo ń sọ bí mo ṣe ń ròyìn yìí. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ́ ló ń sọ ọ́ di ti ìwé. Èmi kò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ obì.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí yóò rò pé kí a ká a lórí igi kí a sì tà á ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbànja tí àwọn àgbẹ̀ ń kó wá láti oko apá Ìkẹ́nnẹ́, awọ funfun ló máa ń wà lára rẹ̀ tí a bá ti fọ́ èso rẹ̀. A ó rẹ ẹ́ sómi títí awọ náà yóò fi jẹrà, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó wá tẹ́ ewé gbòdògí sínú apẹ̀rẹ̀, a ó dà á sí i, kí ó lè làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni, obì máa ń làágùn bí èèyàn. Tó bá làágùn tán, a ó pààrọ̀ ewé rẹ̀, a ó dì í. Láti ìgbà náà, títú ló kù. Títú ni pé kí a máa dà á síta lóòrèkóòrè, kí a ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a yọ èyí tí kò dára, kí a tún un dì. Obì tí a bá tú dáadáa lè pẹ́ lọ́dọ̀ wa fún oṣù mélòó kan, kí ó sì tún dé Kano láìṣẹ́jú.

Ọ̀tá méjì ló ní. Kòkòrò ń lu ú láti inú. Láti ìta, ohun tí àwa ń pè ní irùngbọ̀n ni. Bí omi tàbí ooru bá pọ̀ jù fún obì, yóò bu. Á kọ́kọ́ dà bí ẹni bu ìyẹ̀fun lé e lórí, ìyẹ̀fun náà á di irun, tó bá sì pẹ́, irun náà á di àwọ̀ ewé. A ó ní, "Obì yìí ti dàgbà, ó ti hu irùngbọ̀n." Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, a ó gbé e súnmọ́ ẹnu, a ó fẹ́ ẹ fùú, a ó fi àkísà nù ún. Ilé obì kì í ní fèrèsé, torí atẹ́gùn máa ń mú obì gbẹ. Nítorí náà, inú ilé títì pa la ti ń tú, la ti ń fẹ́. Lásìkò òjò, eruku funfun náà á gba inú ilé kan, a ó máa sín bí ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó kà á sí. Ta ni irùngbọ̀n obì pa rí?

Wọ́n ní kí n máa fi imú kọ́ iṣẹ́. Apẹ̀rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ ki orí bọ̀, mo sín sí i. Ìyá Ṣàfú fi ìka kàn mí lórí.

"O ti fún un ní itọ́ mu! Lọ́la, irùngbọ̀n rẹ̀ á ju ti bàbá rẹ lọ."

Kò sí ẹni tí kò mọ imú wọn ní Sábó. Alhaji Dáúdà, Gàm̀bàrí tó ń ra obì lọ́dọ̀ wa, kì í di ẹrù bí Ìyá Ṣàfú kò bá tíì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí ní Ṣàgámù.

Á ní, "Mama Ṣàfú, ẹ fún mi ní imú yìí kí n gbé e lọ Kano."

Àwọn náà á ní, "Alhaji, ẹ fẹ́ fẹ́ imú nìkan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ní Ṣàgámù? Irú ìyàwó wo nìyẹn?"

Alhaji á rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ á fi jábọ́.

Ìyá Ṣàfú ti ṣe ikọ́ ife rí nígbà èwe wọn, kí n tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ. Ó tó ọdún márùn-ún tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, ìjọba alágbádá ti dé, kí ikọ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni. Wọ́n á hú u títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Gbogbo èèyàn ní ikọ́ ife àná ló padà wá. Wọ́n gba itọ́ wọn ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn kò rí ikọ́ ife níbẹ̀. Ìyá Ṣàfú ní àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan.

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Túndé oníkẹ́míìsì. Èèyàn dáadáa ni Bọ̀dá Túndé. Ó ka kápúsù sínú ìwé, èyí tí apá kan rẹ̀ pupa tí apá kejì jẹ́ yẹ́lò, ó ní, "Mà, mẹ́rin lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Bí kò bá lọ, ẹ má padà sọ́dọ̀ mi, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà."

Wọ́n lò ó, ikọ́ náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ìrọlẹ̀ díẹ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní kò ṣiṣẹ́ rárá ni, wọn ì bá ti jù ú nù. Nígbà tí ikọ́ tún gbérí, wọ́n tún lọ ra òmíràn. Nígbà tí Bọ̀dá Túndé kọ̀ tí kò tà fún wọn mọ́, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn ní gáréèjì. Mẹ́rin di mẹ́fà lójúmọ́. Etí ìró ni wọ́n ń dì í sí. Bí ikọ́ bá ti gbé wọn, wọ́n á tú etí ìró, wọ́n á ju ọ̀kan sẹ́nu, wọ́n á gbé omi lé e. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, òjò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, kápúsù kò kúrò létí ìró.

N kò lè bá wọn wí, nítorí èmi náà gba kápúsù gbọ́. Ta ni kò gbà á gbọ́ nígbà náà? Bí ẹsẹ̀ bá gbọgbẹ́, a ó tú u, a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Bí eyín bá ń dunni, kápúsù. Bí inú bá ń run ọmọ, kápúsù. Ibi tí mo bá ìgbàgbọ́ yìí dé ni mo fẹ́ sọ báyìí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ọmọ mi kankan rí.

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ló kó obì apẹ̀rẹ̀ méjì wá nínú òjò náà. Oko kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ti ká a. Ìyá Ṣàfú wà lórí ibùsùn ní Makun lásìkò yẹn, ara wọn kò yá, èmi ni wọ́n fi ilé obì sílẹ̀ fún. Ó yẹ kí n tú apẹ̀rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kẹta. Mò ń se oúnjẹ lọ sí Makun, mò ń padà bọ̀, n kò tú wọn títí ó fi di ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí mo ṣí ewé, irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọ̀gá mi kò tíì fi ilé obì sílẹ̀ fún mi rí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Mo jókòó sílẹ̀, mo wá ronú ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ kan: ohun tó ń pa kòkòrò nínú ọgbẹ́, ṣé kò ní í pa irùngbọ̀n lára obì ni?

Kápúsù wọn mélòó kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, nínú agolo mílíìkì. Mo tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọn ìyẹ̀fun yẹ́lò náà sórí obì, mo ń fi ọwọ́ pò ó. Apẹ̀rẹ̀ kan ló tó. Mo so òwú pupa mọ́ etí apẹ̀rẹ̀ náà kí n lè dá a mọ̀, mo bo méjèèjì. Mo ní bó bá ti kú tán, n ó fọ̀ ọ́ kí Alhaji tó dé. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ṣí èyí tí n kò fi nǹkan kan sí. Ó ń rùn díẹ̀, àwọn kan ń yọ̀ lọ́wọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó fi díẹ̀ pọ̀ sí i ni. Mo ṣí olówùú pupa. Obì dà? N kò rí obì mọ́. Ó ti di àgùntàn. Irun funfun bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó nípọn débi pé bí mo ṣe fi ìka kàn án, ìka mi wọlé. Kò sì rùn rárá! Gbogbo ohun tó ń bá irùngbọ̀n du àyè nínú apẹ̀rẹ̀ náà ti kú tán, irùngbọ̀n nìkan ló ń jẹ oko.

Mo gbé méjèèjì sí kọ̀rọ̀, mo kó àpò bò wọ́n, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbé ọbẹ̀ lọ sí Makun. Ìyá Ṣàfú tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ata rẹ ń ta mí, Àṣàkẹ́."

"N kò fi ata sí i, mà."

"Ó ń ta mí lẹ́nu ni mo wí."

Mo ní kí wọ́n lanu. Ahọ́n wọn funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nínú funfun, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí wàrà tó dì. Mo mú aṣọ tó mọ́, mo rọra nù ún, abẹ́ rẹ̀ sì pupa bí ẹran. Èmi tí mo ti ń nu nǹkan yìí kúrò lára obì láti ọdún mẹ́fà, n kò nílò kí ẹnì kan wá sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé mo mọ̀ ọ́n, wọ́n á bi mí níbo ni mo ti rí irú rẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, n ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn jáde. Ìtìjú dí mi lẹ́nu. Mo kó abọ́ mi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi agídí dìde wá sí Sábó nítorí ẹrù Alhaji. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ki orí bọ apẹ̀rẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n fa èémí, ikọ́ sì gbé wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọrí, ẹ̀jẹ̀ ni. Kì í ṣe ìlà ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́. Ó tó ife kan, pupa fòò lórí ewé gbòdògí. Alhaji pariwo, ó ní kí wọ́n já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀. Inú ọkọ̀ obì la gbé wọn sí lọ sí Ìbàdàn, orí wọn wà lórí itan mi.

Dókítà tó gbà wá tẹ́ẹ́rẹ́, kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó ya fọ́tò àyà wọn. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ó tún ya òmíràn. Ó wá jókòó tì wọ́n.

"Mà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Obì."

"Ẹ ń tà á?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

Dókítà wo ojú mi. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ imú fún un, apẹ̀rẹ̀, irùngbọ̀n, ilé tí kò ní fèrèsé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ títí ìwé fi kún. Lẹ́yìn náà ó gbé fọ́tò méjèèjì sójú ìmọ́lẹ̀, ó nàka sí i. Ihò kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ohun róbótó kan sì wà nínú ihò náà. Nínú fọ́tò kejì, ohun róbótó náà ti yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Ó ń mì bí obì tó gbẹ sínú èèpo rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni," ni dókítà wí. "Mà, ikọ́ ife yín ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣe bí ayálégbé tó kó jáde tí kò ti ìlẹ̀kùn. Ó fi ihò sílẹ̀. Nǹkan mìíràn ló wá wọ ibẹ̀. Ẹ̀yà olú kan ni, irú èyí tó máa ń hù lára ohun tó bu. Eruku rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, gbogbo wa là ń fà á símú. Ẹni tí àyà rẹ̀ pé á lé e jáde. Àyà tiyín ní yàrá òfìfo, ó wá kọ́lé síbẹ̀. Òun ló ń ha ẹran ibẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde."

Ó bi wọ́n ní oògùn tí wọ́n ti lò. Ìyá Ṣàfú tú etí ìró. Kápúsù méje bọ́ sórí ibùsùn. Ó béèrè ìgbà tí wọ́n ti ń lò ó. Mo sọ fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Oògùn rere ni o," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ń pa irú kòkòrò kan, kì í pa olú. Kòkòrò wà lẹ́nu wa, ó wà nínú ìfun wa, tí kò ṣe wá níbi. Àwọn ló ń ṣọ́ ilé. Ẹ ti fi kápúsù pa àwọn ọlọ́dẹ ilé, olè tí kápúsù kò lè pa wá jókòó sórí àga. Ẹ wo ahọ́n yín. Àwọn kòkòrò tó bá sì yè é bọ̀, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n lójú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní í ràn yín lọ́wọ́."

Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú kápúsù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má wọ ilé obì mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn là wọ́n láyà, kí àwọn gé ibi tí ihò náà wà. Ó ní bí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn bá tún wá, ó lè má dúró.

Ìyá Ṣàfú wò ó. "Ọmọ mi, kí n sọ oògùn nù kí ikọ́ ife pa mí? Kí ẹ sì là mí bí adìẹ? Àṣàkẹ́, dìde, ká lọ sílé."

Ṣàfú, ọmọ wọn, wá láti Èkó, ó bẹ̀ wọ́n títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n ní rárá. A padà sí Makun. Ní gáréèjì, kí a tó dé ilé, wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró, wọ́n ra kápúsù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo rò ó wò. Bí ọ̀gá mi bá kú, ìtìjú mi náà lọ́wọ́ sí i. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo lọ sí Sábó, mo ní kí àwọn alábàárù gbé apẹ̀rẹ̀ méjèèjì tẹ̀lé mi lọ sí Makun. A gbé wọn sí àárín àgbàlá, níbi tí atẹ́gùn á ti máa gbé eruku wọn lọ sẹ́yìn ilé. Ìyá Ṣàfú jáde sí wa, wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀. Mo di apá wọn mú. N kò fọwọ́ kàn wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má fi imú sí i, mà. Ojú ni kí ẹ fi wò ó."

Mo ṣí méjèèjì.

"Kí lèyí? Àgùntàn?"

"Obì ni, mà. Èmi ni mo ba á jẹ́. Kápúsù yín ni mo tú sí i."

"Kápúsù? Sínú obì? Obì tí èèyàn á fi sẹ́nu? Àṣàkẹ́, ṣé orí rẹ pé?"

"Kò pé, mà."

"Ọ̀lẹ! Òmùgọ̀! Ẹni tí mo fi ilé obì sílẹ̀ fún nìyí!" Wọ́n bú mi dé ìdí ìdílé ọkọ mi. Ikọ́ ló dá wọn dúró. Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n tún wo apẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ojú iṣẹ́ ni wọ́n fi wò ó lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ojú náà.

"Oko kan náà?"

"Oko kan náà, mà."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ká a?"

"Ọjọ́ kan náà. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi dì wọ́n."

"Ewé ńkọ́?"

"Orí ìtí kan náà ni mo ti mú ewé."

"Èyí tí kò jẹ kápúsù ló sàn jù."

"Òun ló sàn jù, mà."

Wọ́n fi èékánná ha ahọ́n wọn, wọ́n wo ohun tó wà ní èékánná, wọ́n wo inú apẹ̀rẹ̀ olówùú pupa. Adìẹ kan ń bọ̀, wọ́n lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n kó gbogbo kápúsù náà lé mi lọ́wọ́.

"Lọ sin ín pẹ̀lú obì tó o fìyà jẹ yìí. Gbẹ́ ilẹ̀ náà kó jìn." Wọ́n ti yíjú padà kí wọ́n tó sọ èyí tó kù. "Kí o sì lọ bi Ṣàfú bóyá ó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn."

Wọ́n là wọ́n láyà ní Ìbàdàn. Àpá rẹ̀ gba ẹ̀yìn wá sí abẹ́ ọmú bí ìgbànú. Alhaji Dáúdà wá kí wọn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Mama, wọn kò gé imú?"

"Imú wà, Alhaji. Àyà ni wọ́n gé. Ṣé ẹ ṣì ń fẹ́ ẹ?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà tún un sọ pé wọn kò gbọdọ̀ wọ ilé obì mọ́ láéláé, mo rí omijé lójú wọn. Ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n lẹ́kún, ọ̀bẹ kò pa wọ́n lẹ́kún. Wọ́n ní, "Kí ni n ó wá máa fi imú ṣe?"

Bí a ṣe padà dé, mo ní kí wọ́n dá ojú ihò lábẹ́ òrùlé ilé obì. Alhaji ṣàròyé pé atẹ́gùn á mú obì òun gbẹ. Mo ní kí ó gbẹ. A kò tú irùngbọ̀n nínú ilé mọ́, a kò sì fi ẹnu fẹ́ ẹ mọ́. Ìta la ti ń tú u, a ó fi aṣọ tútù nù ún, a ó sì fi aṣọ di imú àti ẹnu. Gbogbo Sábó ń pè wá ní olè obì. Bọ̀dá Túndé wá wo ibi tí mo sin apẹ̀rẹ̀ náà sí, kí ó lè máa fi ìtàn rẹ̀ dá àwọn tí kò fẹ́ jáwọ́ nínú kápúsù lẹ́kun. Ó ní, "Bí mo bá wí títí tí wọn kò gbọ́, ọ̀dọ̀ alágùntàn ni n ó rán wọn sí."

Ìyá Ṣàfú kò jókòó sílé. Wọ́n gbé àga sí ìta ilé obì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí eruku kò lè dé. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n kàn ń wò wá ni, ojú wọn ń pọ́n. Ó wá di ọjọ́ kan, mo rí i pé bí a bá gbé apẹ̀rẹ̀ tí a ti dì kọjá, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní kí a máa lọ. N kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún kan.

Ọjọ́ kan, ẹrù Alhaji ti pé, mo ti tú gbogbo rẹ̀, mo ti tún un dì, mo ní kí wọ́n gbé e sọ́kọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan kọjá, Ìyá Ṣàfú ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e lókè. Wọ́n gbé e lé e láàárín. Wọ́n tẹ̀ba, wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n di ojú.

"Àṣàkẹ́."

"Mà."

"Inú ń run apẹ̀rẹ̀ yìí nísàlẹ̀."

"Mà, èmi ni mo tú u láàárọ̀ yìí."

"Mo ní inú ń run ún. Ó ń móoru níbí, kò sì móoru lókè. Dà á."

A dà á. Obì mẹ́ta ni, nísàlẹ̀ pátápátá, funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára wọn.

Alhaji Dáúdà ṣí fìlà. "Wallahi, imú ti wọ ọwọ́!"

Ìyá Ṣàfú na ọwọ́ sí obì náà. Wọ́n mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gbé e dé ìdajì ọ̀nà sí imú wọn, wọ́n dúró, wọ́n jù ú nù. Wọ́n nu ọwọ́ wọn lára ìró. Wọ́n ní, "Wá, Àṣàkẹ́. Ohun tí mo kọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, gbàgbé ẹ̀. Mú ọwọ́ rẹ wá."

Wọ́n gbé ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ikọ́ kọ́ ló sì pa wọ́n. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fi Sábó sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ooru ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àtẹ́lẹwọ́ ti le jù, ó ti ṣiṣẹ́ jù. A kì í tẹ ewé. A máa ń jẹ́ kí ọwọ́ sinmi lé e ni, bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, a ó dúró títí apẹ̀rẹ̀ á fi sọ̀rọ̀.

Ó tó. Ìwọ tó ń kọ ọ́, gbé bírò yẹn sílẹ̀. Mú ọwọ́ rẹ wá.